Ẹ Bi Ìyá Ìbejì: Sùpàgẹ́tì Ilẹ̀ Jàpáànù

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti fẹnu bà á lójú ìwé yìí pé mo fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú ilé ìdáná onísùpàgẹ́tì kan ní Saitama, nígbà tí mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ni lẹ́tà ti ń ya wọlé. Márùn-ún ni mo mú lára wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ó wọ̀ mí lára.

*Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, oṣù kẹrin rèé tí iṣẹ́ gbé mi dé Yokohama. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ọ̀gá mi mẹ́ta mú mi lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé onísùpàgẹ́tì kan tó lẹ́ka káàkiri. Inú mi dùn, torí sùpàgẹ́tì kì í ṣe àjèjì sí mi. Àmọ́ èyí tí wọ́n gbé wá, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí tòmátò, kò sí ata. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nǹkan dúdú bí ìwé tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, òórùn òkun ló ń ti ibẹ̀ jáde. Igi méjì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo jẹ díẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, bí ẹni pé mo fi àbùkù kàn wọ́n. Kí ni mo jẹ, mà? Wọ́n tún ti ní ká jọ lọ lóṣù tó ń bọ̀.*
*Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Yokohama*

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó o jẹ ni wọ́n ń pè ní tarako. Ẹyin ẹja ni. Ẹja kan wà nínú òkun tútù apá àríwá, suketoudara ni wọ́n ń pè é, mọ̀lẹ́bí ẹja tí wọ́n fi ń ṣe okporoko tó ń ti Norway wá sọ́jà wa ni. Wọ́n á yọ ẹyin inú rẹ̀ tòun ti awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó, wọ́n á fi iyọ̀ pa á mọ́. Òun ló wà nínú àwo rẹ.

Mi ò lè ka iye àwo tarako tí mo ti pò. Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é fún ọ, kó o lè mọ ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ṣe kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá ti pe oúnjẹ, a ó ju sùpàgẹ́tì sínú ajere onírin kan tó jìn, ajere á wọ inú omi tó ń hó gùdùgùdù, omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 10 sí lítà kan. Ajere mẹ́fà ló tò létí ara wọn níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀. Ẹyin ẹja náà, a ti la awọ rẹ̀ gbọọrọ, a ti fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á jáde. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni o, kì í ṣe ojú rẹ̀, kí awọ má bàa já mọ́ ọn. A ó bù ú sínú abọ́ irin pẹ̀lú bọ́tà tó ti rọ̀, ìyẹ̀fun ewé òkun konbu ní ìwọ̀nba, àti sọ́ọ̀sì sóyà tí a kán sí i. Aago á dún. A ó gbé ajere sókè, a ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, a ó da sùpàgẹ́tì sínú abọ́ yẹn, ọwọ́ á wá yá.

Kò sí iná lábẹ́ abọ́ náà. Ooru ara sùpàgẹ́tì nìkan ló ń mú ẹyin ẹja gbóná. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà, ó ní kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ ọ́n. Bí abọ́ bá gbóná jù, ẹyin á le, á funfun, á máa ṣe bí iyanrìn lẹ́nu. Bí abọ́ bá tutù, bọ́tà á dì, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bí àmàlà àná. Láàárín méjèèjì, fún ìwọ̀nba àsìkò tí èèyàn lè fi ka ení dé ogún, ẹyin á tú wẹ́wẹ́, á bo okùn sùpàgẹ́tì kọ̀ọ̀kan láìku ibì kan, àwọ̀ rẹ̀ á wá rí bí èékánná ọmọ tuntun. Àwọ̀ tó o rí nìyẹn. Ẹni tó po tìrẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nǹkan dúdú bí ìwé yẹn, nori ni, ewé inú òkun tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì gé tín-ín-rín. Wo ó dáadáa nígbà mìíràn: bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo kalẹ̀, wàá rí i tó ń ká kò, tó ń mì fúnra rẹ̀ nítorí ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ewé tútù tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni shiso. Lẹ́nu tèmi, ó bá ẹfinrin tan, ó kàn fúyẹ́ ju ẹfinrin lọ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbí tó máa ń dùn mí: pé àwọn ará Jàpáànù ba sùpàgẹ́tì jẹ́. Wọn ò bà á jẹ́. Ní ọdún 1953, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Narimatsu Takayasu ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan ní Tokyo, ó pè é ní Hole in the Wall, ìyẹn Ihò Inú Ògiri, tó wá di Kabe no Ana lédè wọn. Sùpàgẹ́tì ló ń sè níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ò tíì mọ adùn rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ohun tí àwọn fẹ́ràn sí i. Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀kan lára wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin NHK, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wọn, mú káfíà dé láti òkè òkun, ẹyin ẹja olówó ńlá yẹn, ó ní kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ sùpàgẹ́tì fún òun. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ta ló lówó káfíà lójoojúmọ́? Ni wọ́n bá ronú kan tarako, ẹyin ẹja tí ìyá gbogbo wọn ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì láàárọ̀. Bó ṣe di oúnjẹ gbogbo ìlú nìyẹn.

Ṣé o rí i? Ohun tó wà nínú agbada ìyá wọn ni wọ́n gbé lé e. Àwa náà ńkọ́? Ta ló ní ká lọ ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ká dín in nínú òróró títí á fi ta sánsán, ká wá se sùpàgẹ́tì nínú rẹ̀ bí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù? Kò sí ará Ítálì kankan tó kọ́ wa. Oúnjẹ wa ni, a ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú kan náà ni kó o fi wo tiwọn. Ìwọ ń retí ti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú àwo yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ fi kọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn, jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ oúnjẹ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní ti igi méjì, kì í ṣe gbogbo ilé onísùpàgẹ́tì ló ń gbé e kalẹ̀, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Yomenya Goemon, tó bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Shibuya ní Tokyo ní 1976. Igi ìjẹun ni wọ́n ń fún oníbàárà, àwo tánganran Arita ni wọ́n sì ń bu oúnjẹ sí, àwo tó rẹwà débi pé mo ti rí ẹni tó jẹun tán tó tún jókòó tó ń wò ó. Goemon tí wọ́n fi sọrí ilé oúnjẹ náà, olè ayé àtijọ́ kan ni, wọ́n ní inú ìkòkò ńlá ni wọ́n ti sè é pa ní Kyoto ní 1594. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń bọ sùpàgẹ́tì ló mú wọn rántí rẹ̀. Bí igi bá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, sọ pé, "Fōku onegai shimasu." Wọ́n á mú fọ́ọ̀kì wá, ojú wọn ò ní yí padà. Má sì fà á sùrùsùrù. Ramen àti soba, oríṣi núdù wọn mìíràn, fífà ni wọ́n ń fà á, kò sí ẹni tó máa wò ọ́. Ṣùgbọ́n fún sùpàgẹ́tì, ọ̀pọ̀ wọn gbà pé kò bójú mu. Gbé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká a, fi sẹ́nu.

Èyí tó o fi sílẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Wọn ò fẹ́ràn kí oúnjẹ ṣẹ́kù sínú àwo níbí, ẹ̀kọ́ ilé ni. Àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ mọ̀ pé àlejò ni ẹ́, ohun tó sì fi hàn pé wọn ò bínú ni pé wọ́n tún pè ọ́. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, kí o tó mú igi sọ pé, "Itadakimasu." Bí o bá jẹ tán, sọ pé, "Gochisōsama deshita." Mú oníbọ́tà àti sóyà tí wọ́n fi olú sí, kinoko no batā shōyu ni kó o wá nínú ìwé oúnjẹ. Àkọ́jẹ tó dára ni, ẹnu àlejò kì í kọ̀ ọ́. Bí ata bá ń wù ọ́, wá mentaiko. Ẹyin ẹja kan náà ni, ata ni wọ́n fi pa á lára dà. Láti Fukuoka ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, níbi tí Kawahara Toshio, tí wọ́n bí sí Busan ní Kòríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1949. O tún lè béèrè Tabasco, ìgò kékeré pupa yẹn, kò ṣàjèjì sí wọn lórí tábìlì sùpàgẹ́tì.

Tó bá sì jẹ́ tòmátò ni ọkàn rẹ ń fà sí, Naporitan ni kó o pè, ìlú Yokohama rẹ yẹn gan-an ni wọ́n ní ó ti wá. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Hotel New Grand, ọ̀gá alásè ibẹ̀, Irie Shigetada, rí bí àwọn sójà ṣe ń da kẹ́ṣọ́ọ̀pù sórí sùpàgẹ́tì, ó sì se tirẹ̀ pẹ̀lú tòmátò. Ti àwọn ilé kọfí lásán, kẹ́ṣọ́ọ̀pù náà ni wọ́n ń fi sè é, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata tútù àti sọ́sééjì. Ó máa dùn bí ṣúgà díẹ̀.

Ó kù ohun kan. Ọdún tí mo dé, mo rí nǹkan pupa lórí sùpàgẹ́tì nínú àwòrán, mo rò pé tòmátò ni, mo ní kí wọ́n gbé e wá. Ume ni, èso kan tí wọ́n fi iyọ̀ pa títí tó fi kan kíkankíkan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbàlagbà kan tó dá jókòó sí tábìlì kejì rí mi. Ó dìde, ó rọra tú omi sí ife mi, ó tọ́ka sí àwo tirẹ̀ kí n máa wò ó: ó fi ṣóńṣó igi já èérún kan lára ume, ó rò ó mọ́ sùpàgẹ́tì, ó jẹ ẹ́, ó tún já òmíràn. Ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò gbọ́ èdè ara wa. Títí di òní, bí mo bá rí ume, òun ni mo máa ń rántí. Àwọn èèyàn wà níbí tí wọ́n máa fẹ́ kọ́ ọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé o fẹ́ kọ́.

*Ìyá Ìbejì, Ìlọrin ni mo ti wá wo ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ní Tokyo. Wọ́n fẹ́ mú mi lọ síbi sùpàgẹ́tì ará ibí. Ẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí ló ń bà mí. Ṣé ohun tí mo lè jẹ wà níbẹ̀?*
*Alhaja*

Ẹ kú ìrìn o, Alhaja, ẹ kú àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ibẹ̀ gba ìṣọ́ra gidi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, bēkon, máa ń wà nínú sùpàgẹ́tì olú àti bọ́tà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú Naporitan àti karubonāra, ìyẹn sùpàgẹ́tì oníẹyin àti wàràkàṣì. Ó lè má hàn nínú àwòrán. Ọtí ìrẹsì tàbí wáìnì máa ń wà níbi tí wọ́n bá ti fi ìṣáwùrú sí oúnjẹ, mirin, ọtí ìrẹsì dídùn tí wọ́n fi ń sebẹ̀, sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn. Sọ́ọ̀sì sóyà fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú un kan ń mú kí ọtí díẹ̀ wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù ú sí i. Ìyẹn, Alhaja, ẹ bi ààfáà yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èmi lè dá. Omi kan náà ni gbogbo ajere sì ń wọ̀.

Kí ọmọ yín wo íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde nílé. Àwọn ilé oúnjẹ ẹlẹ́ka púpọ̀ máa ń gbé ìwé kan síta tó to ohun tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tí ara wọn kì í gba nǹkan kan. Ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń kọ, àmì rẹ̀ ni 豚. Bí ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ yẹra. Tí ọkàn yín ò bá sì balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó sè é nílé. Sọ́ọ̀sì sóyà tó ní àmì halal wà fún títà níbí, ìyókù kò ju bọ́tà, ẹyin ẹja àti nori lọ. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mùsùlùmí sè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìtunu Ààwẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ fi ìka nu àwo.

*Ṣé kí n fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ? Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Amẹ́ríkà ní ó pọn dandan.*
*Bàbá Tóbi, Nagoya*

Rárá o, Bàbá Tóbi. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹni náà á sáré tẹ̀ lé yín dé ẹnu ọ̀nà pé ẹ gbàgbé owó. Ìwé kékeré tí wọ́n fi sí orí tábìlì ni kí ẹ mú lọ síbi ìsanwó lẹ́nu ọ̀nà. Omi tútù ọ̀fẹ́ ni, aṣọ ìnuwọ́ ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá jókòó jẹun, owó orí 10 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e lọ ilé, 8 ni. Tí àwo kan ò bá yó yín, ẹ sọ pé "ōmori", wọ́n á fi kún un. Gíráàmù 100 sùpàgẹ́tì gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ wọn kà sí oúnjẹ ẹnì kan, mo mọ̀ pé kò tó ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin ará Nagoya tún ní tiyín lọ́tọ̀, ankake, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ki bí ọbẹ̀ wa tí ata dúdú inú rẹ̀ sì ń jó ẹnu. Ẹ tètè lọ jẹ ẹ́.

*Ìyá Ìbejì, mo rí sùpàgẹ́tì kan tí wọ́n bu ẹ̀wà tó ń fà yọ́ọ̀yọ́ọ̀ lé lórí. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo rò pé ẹnì kan ń sè irú nínú ilé oúnjẹ náà. Kí ni?*
*Ọmọ Ẹdẹ, Ibaraki*

Imú rẹ ò tàn ọ́ jẹ! Natto ni, Ibaraki tó ò ń gbé yẹn ni wọ́n sì fi mọ̀ jù, ìlú Mito ní pàtàkì. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sè, tí wọ́n dé pa mọ́ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwa, èso igi igbá ni tiwa: a ó sè é, a ó gún un, a ó fọ èèpo rẹ̀ kúrò, a ó tún un sè, a ó bò ó mọ́lẹ̀ nínú igbá. Ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ọ̀kan náà ni, Bacillus subtilis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìdí nìyẹn tí òórùn wọn fi jọra tí méjèèjì sì ń fà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àwa máa ń sọ irú sínú epo gbígbóná kó sọ̀rọ̀, àwọn kì í sábà se natto mọ́. Wọ́n á fi igi rò ó títí tí okùn rẹ̀ á fi pọ̀, wọ́n á kán sóyà sí i, wọ́n á dà á sórí sùpàgẹ́tì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n tún máa ń rẹ́ ilá sí i. Okura ni wọ́n ń pe ilá, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, ọ́kụ̀rụ̀, tó gba ẹnu àwọn Òyìnbó kọjá kó tó dé ibí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ natto àti ilá lórí sùpàgẹ́tì, mo gbé igi sílẹ̀. Ọdún kejì mi ni, mi ò tíì padà sílé láti ìgbà tí mo ti dé, ṣàdédé ni mo rí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ẹjígbò. Mo kàn jókòó. Nílé mi báyìí, irú wooro ni mo ń lò, tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń yọ́ bọ́tà, mo máa ń sọ irú sí i títí ilé á fi gbà á, mo máa ń da sùpàgẹ́tì lé e, mo máa ń fi nori sórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ ará ibí, jẹ àwo méjì, ó sì bi mí pé natto ìlú wo nìyí.

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ wa ní ọ̀kan tí a lè sè ní Ìbàdàn. A ò rí ẹyin ẹja oníyọ̀ yẹn rà.*
*Ìyàwó Àlàó*

Ìyàwó mi dáadáa, oníbọ́tà àti sóyà ni kí ẹ sè. Fún ẹni méjì, ẹ mú gíráàmù 200, ìyẹn kò tó ìdajì páálí 500 tí ẹ ń rà. Lítà omi méjì, iyọ̀ gíráàmù 20. Tí wọ́n bá kọ ìṣẹ́jú mẹ́jọ sára páálí, ìṣẹ́jú méje ni kí ẹ gbé e kúrò. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kó rọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́ fún ti èyí, inú agbada ló ti máa jinná tán. Ẹ bu ife omi rẹ̀ kan pa mọ́ kí ẹ tó sẹ́ ẹ.

Olú tí ẹ bá rí lọ́jà lọ́jọ́ náà tó. Ẹ má fi omi wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún, ẹ fi ọwọ́ ya á. Ẹ fi òróró díẹ̀ yan án lórí iná tó le, ẹ má sì máa ro ó títí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pọ́n. Ẹ rẹ́ ááyù kan sí i. Mo máa ń fi edé gbígbẹ tí mo gún kúnná sí i, bí ìka méjì ṣe lè bù, torí àwọn ará ibí máa ń fi omi ẹja gbígbẹ gbé adùn oúnjẹ wọn ró, edé wa sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ da sùpàgẹ́tì sí i pẹ̀lú ìwọ̀nba omi tí ẹ pa mọ́, àti bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì.

Sọ́ọ̀sì sóyà ló kẹ́yìn, ṣíbí ìjẹun kan, kó má jù bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ ti wà nínú omi. Ẹ má dà á sórí sùpàgẹ́tì. Ẹ̀gbẹ́ agbada tó ti gbóná ni kí ẹ dà á gbà, kó hó, kó ta sánsán, kó tó ṣàn lọ bá ìyókù. Òórùn yẹn ni ilé oúnjẹ tí mo ti ṣiṣẹ́ ń fi pe èèyàn wọlé láti ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pa iná. Ẹ gé ewé àlùbọ́sà lé e. Ẹ lè rẹ́ ata rodo kan sí i tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dákun, kí tòmátò má dé ibẹ̀.

Kí gbogbo ẹni tó máa jẹ ẹ́ ti jókòó kí ẹ tó da sóyà sí agbada.